Omi Tí Ràúfù Bù Láìtọrọ

Ọjọ́rú, oṣù Kejì, 1974

Ọmọlúàbí kì í bu omi olómi láìtọrọ. Ràúfù, mẹkáníìkì mi tí ó ti Àbíjàn dé, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ mi hó lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn lónìí, ó wọ àgbàlá Ìyá Olóòṣà, ó bu omi tí wọ́n pọn láìfọhùn fún òrìṣà Ògìyán, ó sì ti dà á sínú rédíétọ̀ kí n tó mọ̀.

Ìyá arúgbó náà jáde. Kò pariwo.

“Ràúfù, ṣé wọn kì í kí èèyàn ní Àbíjàn ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Màá pọn òmíràn fún yín.”

“Kì í ṣe ọwọ́ mi lo ti bù ún.” Ó wọlé.

A tan ẹ́ńjìnnì láìdé ìdérí rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde tán. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń mí lójú oorun. Omi ń lọ sílẹ̀. Ràúfù fi garawa bu omi kún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkọ̀ tún fà á mu tán. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: ilẹ̀ gbẹ táútáú.

Ọkọ̀ náà gbé wa délé. Ẹ́ńjìnnì ti tutù báyìí, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ mímí náà láti ẹ̀yìnkùlé.

Ìwé tí mo kà tó kí n fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́la ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi ní ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ yìí náà ni yóò sì gbé wọn lọ.

Ní kùtùkùtù, kí èmi àti Ràúfù kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Olóòṣà. Lẹ́yìn náà, kí ó tú omi náà sílẹ̀ pátápátá, kí ó sì fi omi kànga wa rọ́pò rẹ̀.