Sátidé Tí Tẹlifóònù Kò Dún

Abdulganiyu ọmọ mi ní Kaduna,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ fákítírì ní Makera ń lọ déédéé? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ mú ẹ lọ́wọ́. Gbogbo wa ń bẹ láàyè, ìyá ẹ Hàjàrá ní kí n kí ẹ, ewúrẹ́ ẹ ti bí méjì.

O kọ̀wé lóṣù tó kọjá pé wàá pè wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá, lórí tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù oògùn Olúyẹ́misí l'Ógbómọ̀ṣọ́. O pè lóòótọ́, ìyá ẹ gbóhùn ẹ, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ni mo bá sọ fún gbogbo abúlé pé ọmọ mi a máa pè mí ní Sátidé. Ṣé irọ́ ni? Ọjọ́ ọjà wa, ẹ̀ẹ̀kan làwọn bàbá wa dá a, títí dòní ta ló tún ń ránni létí? Èmi tí mo fi agbọ̀n obì kan kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, wàláì, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dídá ọjọ́.

La bá lọ ní Sátidé kejì, tẹlifóònù ò dún, a lọ ní ìkẹta, ìyá ẹ wọ léèsì. Lọ́jọ́ kẹta yẹn tẹlifóònù dún, mo já a gbà lọ́wọ́ Olúyẹ́misí, mo wúre ọmọ ọkùnrin fún ẹ títí, kí n tó mọ̀ pé bàbá arúgbó kan ló ń béèrè oògùn ikọ́. Ó ṣáà ṣe àmín.

Tíṣà Sunday tó ń ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ẹ fún wa wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ní bí wọ́n ṣe ń sọ ohun ẹ̀ẹ̀kan, ó sì tún ní bí wọ́n ṣe ń sọ ti gbogbo ìgbà, pé ti ẹ̀ẹ̀kan ni ìwọ kọ. Mo ní kí ló dé tí ò sọ ọ́ kí n tó pariwo káàkiri?

Baálẹ̀ ti ní àwọn máa bá wa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, káwọn náà gbọ́ ohùn Kaduna. Tó bá dún, kò sẹ́ni tó jù mí lọ lábúlé yìí. Tí ò bá dún, Ọláoyè òpùrọ́ ni wọn ó máa pè mí, ìyẹn ò sì ní jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Ahmed onílọ́rí. Jọ̀ọ́, pè. Baálẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kí.

Owó ọkọ̀ wa, fún Ahmed kó mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ń kọ̀wé nípa owó, Gẹ̀ẹ́sì ti gbogbo ìgbà ni kí o fi kọ ọ́.

Ire á máa bá ẹ lójoojúmọ́. Ibi ò ní bá ẹ, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Èmi bàbá ẹ,
Ọláoyè