Iṣan Ẹsẹ̀ Màmá

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Ńlá.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ara ọkọ yín ti le? Àbígbẹ̀yìn yín ńkọ́, ṣé ó ti yé bu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ? Ara èmi le, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé dípò kí n pè ni pé mi ò ní lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Mo purọ́ fún yín. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbàdí Màmá, mo ní dókítà ló sọ pé kí wọ́n má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù méjì. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi ọ̀pá rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi ni mo gbé ọ̀pá náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ wọn ò lè tó. Aago méje ni mò ń lọ sí lábù, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ ṣubú nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Màá gbé oúnjẹ àti póò tì wọ́n, màá tilẹ̀kùn, mo wá ń pè é ní ìtọ́jú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ sì wo ẹni tó ṣe é! Èmi tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹran, torí pé iṣan ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣan kì í fi ìsinmi dàgbà. Fọ́nrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ ru ẹrù, kó ya díẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìntín tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jí, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì wọnú fọ́nrán náà lọ dí ibi tó ya. Ẹrù yẹn náà ló ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa fi oúnjẹ tá a jẹ hun ara tuntun. Bí ẹrù ò bá sí, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ palẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí lórí gíláàsì tí mò ń wò ní lábù, mi ò mọ̀ ọ́n lára ìyá mi. Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń wẹ̀ fún wọn, itan wọn ti gbẹ débi pé ọwọ́ mi méjèèjì yí i ká.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ pè, tí ẹ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé bẹ́ẹ̀dì ti di ilé ọkọ tuntun ni? Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó ọsàn.

Lánàá mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ fisíò tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní ó lè jẹ́ pé Màmá ò ní dá rìn mọ́, torí iṣan àgbàlagbà kì í tètè padà. Ó wá bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Màmá ní, "Èmi ni mo kọ̀ o. Ọmọ mi bẹ̀ mí títí, ó sú u." Obìnrin náà sì bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí, lójú mi.

Nínú mọ́tò, wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé àwa méjì péré ni àwọn bí, àwọn ò fẹ́ kí ẹ bínú sí mi.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ bínú sí mi bó ṣe yẹ, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bínú, ẹ kọ́kọ́ pe Màmá, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n nítorí yẹ̀yẹ́ yẹn. Wọn ò fìgbà kan ya ọ̀lẹ.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹran.