Iyán Tí Ẹ Ń Bù Sílẹ̀ Dè Mí

Lójú òkun, Oṣù Kẹjọ, 1993

Màámi ní Ìpele,

Ẹ kú oko, ẹ kú àdúrà. Ara mi le koko o. Ìgbì nìkan ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ dúró níkùn mi.

Iṣẹ́ tí ẹ béèrè nìyí: ohun kan nínú omi òkun, yùréníọ́ọ̀mù, ń bí tóríọ́ọ̀mù. Ìyá kì í kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n ọmọ a máa lẹ̀ mọ́ èérún ara àwọn ẹ̀dá òkun tó ti kú, tó ń rì lọ sísàlẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe dín tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá la fi ń mọ iye èérún tó rì.

Sylvanus àbúrò mi kọ̀wé pé ẹ ṣì ń bu iyán tèmi sílẹ̀ lálaalẹ́. Mo dúpẹ́, Màámi, mo dúpẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ kó tó tutù, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣíwọ́ bíbù ú.

Ẹ bá mi kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fúnmiọlá yín