Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Pa Ẹ̀gbọ́n Lẹ́kún

                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Òtẹ́ẹ̀lì.
                                        9 Oṣù Kẹfà.

Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ tó ń yọ eyín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ara tèmi le, ọkàn mi ló wúwo.

O rántí Ẹ̀gbọ́n Alágbàfọ̀, àgbà gbogbo wa nídìí aṣọ fífọ̀? Ọkọ wọn, dẹ́rẹ́bà tó máa ń kọrin gbé wa lọ sọ́jà, ti fi ayé sílẹ̀. Orí fífọ́ lásán la pè é; kí dókítà tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ipò alábòójútó yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì wa ṣófo. Ta ló tún tọ́ sí bí kò ṣe Ẹ̀gbọ́n? Àmọ́ ọ̀gá ní ẹni tó bá máa bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe irú tiwa tá a fi ń pe ọkùnrin ní "she", tá a tún ń pe ìyá ẹni ní "he". Ló bá gba tíṣà kan fún wa, ọmọbìnrin oníwà tútù.

Tíṣà ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan nílé. Ẹ̀gbọ́n ní, "My husband like tea." Tíṣà ní, "Ẹ fi 's' sí i lẹ́yìn, mà: likes." Ẹ̀gbọ́n tún un sọ, ó dán mọ́rán. A pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín tí Ẹ̀gbọ́n rín lọ́jọ́ náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sọ fún tíṣà pé olóògbé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá. Tíṣà ti wá gbọ́ pé ọkọ wọn ti kú. Ó rọra ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. 'Liked' la máa sọ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Ọmọ mi, nínú èdè tèmi, ó fẹ́ràn tíì náà ni, ì báà wà, ì báà ti lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tún fẹ́ kí n sin ín lẹ́ẹ̀kan sí i ni?"

Omi lé ròrò sójú tíṣà. Ẹ̀gbọ́n kó ìwé wọn, wọn ò wá sí kíláàsì mọ́.

Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n títí, nítorí àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n tó lọ síwájú ọ̀gá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ náà. Mo ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo sì ń gbọ́ wọn. Ọ̀gá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni ọkọ wọn ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní, "My husband was a driver. He liked tea."

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá fún wọn níṣẹ́. Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí aṣọ ibùsùn tá ò tíì fọ̀, wọ́n bú sẹ́kún. "Àbúrò, mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́." Mo dì wọ́n mú.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kó o sì bá mi gbá ọmọ mọ́ra. Tó o bá pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, má kọ́kọ́ kí wọn kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Ará-fẹ́ra-kù ni kó o kí wọn.

                                        Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
                                        Adúmáadán.