Fíúsì Tuntun fún Orogún Màámi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Mo dé ilé àwọn òbí mi lọ́sàn-án. Ibi iṣẹ́ fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ti mọ ibi tí yóò parí sí: abẹ́ ọkọ̀ Bàámi. Ọkọ̀ pupa oníjókòó méjì, èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tó sì dàgbà jù mí lọ. Màámi ò pè é ní ọkọ̀ rí. Orogún ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ti gba orúkọ yẹn.

Ohun tó gbé mi wá: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàámi fi imú Orogún gbá òpó géètì. Òpó ò mì. Ara ọkọ̀ ló tẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin – Adájọ́ ni mo ń pè é níbí, torí kì í gbọ́ ẹjọ́ tán kó tó dá a – ní ojú Bàámi ni, kí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Bàámi ní iná ọkọ̀ ló ń ṣe bàìbàì, wáyà ti gbó. Bàámi wá kọjú sí mi, wọ́n ní: ìwọ lo mọ iṣẹ́ iná, tún un ṣe. Tí iná bá mọ́lẹ̀ tán tí n ò ríran, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Adájọ́ ní à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Mo kọ etí ikún sí i.

Wáyà ilé ni mo ń ṣe jẹun, kì í ṣe wáyà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n iná ni iná. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọkọ̀ ló jẹ̀bi. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, torí n ò lè sọ ọ́ lójú Adájọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo tú bátìrì. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí ò ro ti ẹni tó ga.

Ọjọ́rú, 5

Mo rí pátákó fíúsì. Ike dúdú kékeré kan, kò ju àpótí ìṣáná lọ, fíúsì onígíláàsì méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Họ́ọ̀nù, iná bíréèkì, ohun tó ń nu gíláàsì, iná tí a fi ń yà – gbogbo wọn ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí fíúsì méjì yẹn. Iná iwájú ò tiẹ̀ ní fíúsì kankan. Tí mo bá bá irú èyí nílé ènìyàn, màá pa iná, màá ní kí onílé jáde síta ná.

Ẹnu irin tó di fíúsì mú ti dógùn-ún. Ike ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú mi dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Mo pe Bàámi wá wò ó. Wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ike náà, wọ́n ní ṣé o rí i, ṣé mo purọ́?

Mo so bátìrì padà fún ìdánwò, mo tan iná, mo gbé mítà lé e. Ní bátìrì: fóòtì méjìlá àti ààbọ̀. Ní ẹnu gílóòbù iná iwájú: mẹ́sàn-án. Wáyà ti mu ìyókù lójú ọ̀nà. Kò sí iná tó máa mọ́lẹ̀ báyẹn. Mo ya àwòrán mítà ránṣẹ́ sí Adájọ́. N ò kọ nǹkan kan sí i.

Ọjọ́bọ̀, 6

Adájọ́ ò fèsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo lọ ra pátákó tuntun. Oníhò mẹ́wàá, fíúsì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ki bọ̀ ọ́, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Mo ra ríléè méjì mọ́ ọn, kí iná iwájú lè máa gba agbára tààrà láti bátìrì, kí súìṣì kàn máa pàṣẹ. Òǹtajà béèrè pé mẹkáníìkì wo ló rán mi. Mo ní orogún ìyá mi ni. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Bàámi wá ràn mí lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n mọ ìtàn wáyà kọ̀ọ̀kan lórí: búráùn, iná wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, funfun, ó di ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn fíúsì ló ti ń wá. Wọn ò ṣi ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n bá mi na aláwọ̀ ewé. Wọ́n na búráùn sí mi. Mo gbà á, mo fọwọ́ ara mi wá aláwọ̀ ewé. Abẹ́ ibẹ̀ ṣókùnkùn lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Màámi gbé tíì wá fún mi ní gáráàjì, wọ́n jókòó lórí báàkẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Wọ́n ní kí a tó bí wa, àwọn ló ń jókòó sínú Orogún. Nígbà tí a dé, ìjókòó kejì di tọmọ, ìyàwó ilé dèrò ẹ̀yìn géètì. Wọ́n ní Bàámi ò ka ìwé ìròyìn fúnra wọn mọ́ láàárọ̀, àwọn ló ń kà á sí wọn létí. Wọ́n ní Bàámi sọ pé àwọn oníwèé ìròyìn ti ń ṣahun yíǹkì.

Mo rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 9

N ò ṣe nǹkan kan. Mo sùn.

Ọjọ́ Ajé, 10

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gé wáyà, tí mo ń bó o, tí mo ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀. Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n má baà ṣì í. Mo ṣì í náà. Mo tẹ bíréèkì, họ́ọ̀nù ké. Mo tún un tẹ̀, ó tún ké, ajá aládùúgbò dáhùn. Bàámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní èyí dára jù, ẹni tó wà níwájú á mọ̀ pé a fẹ́ dúró. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn báyẹn. Mo ṣe wáyà méjèèjì ní pàṣípààrọ̀, ó bọ́ sípò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ó parí. Mítà ní ẹnu iná iwájú: méjìlá àti díẹ̀. Ọ̀tún bẹ́ẹ̀, òsì bẹ́ẹ̀.

A dúró de ìrọ̀lẹ́. Bàámi jókòó sídìí sítíárì, mo tan iná. Ó kọ lu ògiri tó wà níwájú wa, mo ń rí ìlà símẹ́ǹtì láàárín búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì, mo ń rí èèrà tó ń gun ún. Mo ń retí kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ó ti sàn díẹ̀. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣe bàìbàì, bóyá wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀ ni kí n yẹ̀ wò.

Mo ní bóyá ni, sà. Màá wò ó lọ́la.

Ọjọ́rú, 12

Kò sí ohun tó ṣe wáyà ara ọkọ̀. Mo mọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Mo tú u, mo fi bébà oníyanrìn ha á títí ó fi ń dán, mo so ó padà. Bákan náà ni mítà ń kà.

Adájọ́ pè. Ṣé ó ti parí? Mo ní ó ku díẹ̀. Mo purọ́ fún un. Mo sì jókòó ti Orogún, mo ń rò ó pé mo lè máa bá a lọ báyìí. Òní wáyà yìí, ọ̀la wáyà yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń tún un ṣe, wọn ò ní wà á. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màámi ń fọ ife nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ní iná náà mọ́lẹ̀, àbí? Mo ní ó mọ́lẹ̀, mà. Wọ́n ní àwọn rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n ṣan ife kan, wọ́n ní, "Èmi ò lè sọ ọ́. Tí n bá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ yẹn, owú ni wọ́n máa ń pè é. Ìwọ lo tún un ṣe." Mo lọ sí balùwẹ̀, mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìrọ̀lẹ́. Bàámi ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó débẹ̀. Wọ́n béèrè wáyà ara ọkọ̀. Mo ní kò sí ohun tó ṣe é, sà. Wọ́n ní kí n tan iná, kí n gbé mítà, kí n máa kà á sókè. Mo ka ti bátìrì. Mo ka ti ọ̀tún. Mo ka ti òsì. Wọ́n ní tún un kà. Mo tún un kà.

Wọ́n béèrè pé báwo ló ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú tèmi. Mo lè parọ́. Mo ní, "Ó ń gún mi lójú, sà."

Wọ́n ní iṣẹ́ mi dára, iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ yí po, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Wà á."

Mo wà á jáde. Kí a tó dé igun àkọ́kọ́, wọ́n ti ní mo di jíà mú bí ẹni di ìgbálẹ̀ mú. Mo gbà. Nígbà tí a dé ojú títì, wọ́n ní kí n máa sọ ohun tí mo bá ń rí fún àwọn, kí n má fo nǹkan kan. Mo ní ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò. Mo ní obìnrin kan ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kí ni.