Ẹ Má Ṣe Tú Ebè Ata Mi

Bàbá Morẹ́nikẹ́,

Àlàáfíà Olúwa kí ó wà nínú ilé yìí. Mo ti lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ní Sakété, ọ̀la ni mo máa dé. Ẹ̀kọ àti ẹja wà lórí tábìlì.

Láàárọ̀ yìí, mo bá ihò ńlá lára ebè gíga tí mo fi igi ọ̀pẹ jíjẹrà àti erùpẹ̀ mọ. Mo rò pé òkété ni. Raphaël aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Morẹ́nikẹ́, òkété wo ló ń lo àáké? Ọkọ yín ló ń wá ìtun, ìdin inú igi ọ̀pẹ, tí yóò dín jẹ!"

Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ Igana yìí kì í tètè fa omi. Gbogbo ata wa ni omi pa lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ bá ń fa igi inú ebè yọ, ebè á wó, omi á sì tún bo ata mọ́lẹ̀. N kò ní gbà á lọ́dún yìí, lágbára Jésù. Mo ti dí ihò náà.

Igi ọ̀pẹ kan ń jẹrà lẹ́yìn ilé Raphaël, ó ní kí ẹ wá là á. Bí ẹ bá rí ìtun níbẹ̀, ẹ fi ìpín tèmi sílẹ̀ dè mí.

Delphine