Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa Ti Ní Àfẹ́sọ́nà

Ufot ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Port Harcourt ń gbà ọ́ láyè jẹun? Abasi Ọlọ́run wa yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò máa ṣọ́ ọ bọ̀, kò ní jẹ́ kí o ṣìnà ilé. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan kú. Òrùlé ilé ìdáná ti jò débi pé kò sí ibi tó kù tó lè jò mọ́.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Mo kí ọ, o kò dáhùn, o sáà ń sọ̀rọ̀ lọ bí oníwàásù. Mo ní kí o dúró kí n fèsì, o tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà láti òkè. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn, torí ìwé máa ń dúró. O ní kí Okokon agégi wá gé ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, pé ó ga jù, ó ti gbó, kò bá ìgbà mu mọ́, kí a lè fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ọmọ mi, kò ṣeé ṣe lásìkò yìí. Ọ̀pẹ náà ti ní àfẹ́sọ́nà.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀pẹ ló wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Nkoyo ló ṣáájú wọn, ọmọ tó mọ̀wàá hù ni, ó jẹ ọbẹ̀ afang mi, ó tún ní kí n bù sí i. Wọ́n ń wá irú ọ̀pẹ tí ẹyìn rẹ̀ kì í dúdú, tó máa ń rí bí ewé títí yóò fi pọ́n. Mo mú wọn lọ síbẹ̀. Nkoyo gbé fóònù rẹ̀ sí òfuurufú, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọ̀pẹ náà wà. Iwájú rẹ̀ gan-an ló wà. Mo fọwọ́ kàn án kó lè rí i, ó sì dúpẹ́. Ó béèrè bóyá ọ̀pẹ náà ní ẹbí nítòsí. Mo ní àbúrò rẹ̀ kan wà ní Port Harcourt, mo sì dárúkọ rẹ.

Mo fi àwọn ọ̀pẹ ìgbàlódé tí o fi ọkọ̀ kó wá níjọ́sí hàn án, àwọn tó gbẹ. Kò bú ọ o. Ó ní ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn, pé bí àìsàn bá ti mọ ọ̀nà ara ọ̀kan, ó ti mọ ti gbogbo wọn. Ó ní irú tiwa ń tán nílẹ̀ torí kálukú ń gé e, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn yòókù kò ní lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní òun fẹ́ kó bímọ fún ọkọ kan láti Kamẹrúùnù. Mo béèrè irú ẹbí tí ọkọ náà ti wá. Ó ní wọ́n kúrú, wọn kì í tètè ga, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń so. Mo ní kò burú, gíga kọ́ la fẹ́ jẹ.

Wọ́n gun ọ̀pẹ náà, wọ́n fi aṣọ funfun bo òdòdó rẹ̀ pátápátá, kí akọ mìíràn má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé mbopo ni. Báyìí náà ni wọ́n ṣe tì mí mọ́lé, tí wọ́n ń bọ́ mi kí n sanra, kí bàbá rẹ tó gbé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé eérú àti omi lọ fún un. Mo sì lé adẹ́mu.

Ete Ukpong olórí ẹbí wa gbọ́, ó dé fìlà pupa, ó ní òun ni bàbá ìyàwó. Ọjọ́ tí ọkọ dé, ó sọ̀rọ̀ láti orí ìṣẹ̀dá ayé títí òjò fi ṣú. Ó wá béèrè àwọn àgbà tó sin ọkọ wá. Nkoyo ṣí fíláàsì. Inú ìgò kékeré ni ọkọ wà, ìyẹ̀fun òdòdó akọ ni, ó rí bí àtíkè, ó jókòó sórí yìnyín. Ete Ukpong wò ó títí, ó ní òun kò rí ọkọ ìyàwó tó dákẹ́ tó báyìí rí, pé ó wu òun. Wọ́n gun ọ̀pẹ, wọ́n fẹ́ ọkọ sínú aṣọ funfun náà, wọ́n sì tún dì í pa.

Okokon wá dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní ṣé yóò gé ọmọge tó wà nínú mbopo. Ó ní Mma, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, igi ni. Mo ní ohun tí gbogbo wa sọ nípa ìyàwó tirẹ̀ náà nìyẹn kí wọ́n tó bọ́ ọ sanra ní mbopo. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tan ẹ̀rọ. Mo fẹ̀yìn ti ọ̀pẹ, mo ń rẹ́ ewé afang mi lọ. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó ní ìwọ lo bẹ òun níṣẹ́, pé òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà àfi tí òun bá gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ. Mo ti ń dàgbà, Ufot, n kò lè fẹ̀yìn tì í lójoojúmọ́.

Nkoyo ṣèlérí pé bí ẹyìn náà bá pọ́n, òun yóò mú lára àwọn ọmọ padà wá, kí a gbìn wọ́n síbi tí tìrẹ ti gbẹ. Fi owó páànù ránṣẹ́, àti ti ìró tí n óò ró lọ́jọ́ tí ìyàwó bá jáde. Owó tí o fún Okokon, kà á sí ọtí àna.

Ìdí ọ̀pẹ yẹn la ri ìwọ́ rẹ sí, ìwọ náà mọ̀. Fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí Okokon, kí o sì dúró gbọ́ èsì.

Abasi yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Wàá gbó, wàá ga láwùjọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní wò ọ́ kó ní o ga jù, o ti gbó, o kò bá ìgbà mu mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adiaha.